Lókò Mókò Tí Mo Sè fún Tútù

Nígbà tí irun ṣì kún orí tí ẹ ń wò yìí, tí mo lè sáré láti ilé wa ní Ìjẹ̀bú dé etí odò kí n tó mí… ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ìwọ Tèmi, ṣé fóònù ọwọ́ rẹ yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó dáa. Ayọ̀, jókòó dáadáa, má fi ẹsẹ̀ fa wáyà yẹn.

Mo ní ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, orógùn ló fi máa ń lé wa. Tó bá ti rí òjìji ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kí lo ń wá níbí? Ṣé ìwọ lo fẹ́ bímọ ni?" Bàbá mi náà kì í bèèrè bí wọ́n ṣe se oúnjẹ. Á ní, "Ọkùnrin tó bá ń yọjú wo inú ìkòkò, kò ní gbádùn ohun tó bá dé inú abọ́." A sì gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá bàbá jiyàn láyé ìgbà yẹn? Ẹ̀yin òde òní, bàbá á sọ̀rọ̀ kan, ọmọ á sọ mẹ́ta…

Bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó yìí nìyẹn, láì mọ nǹkan kan. Hulme ni mo kọ́kọ́ gbé, nínú àwọn ilé gígùn tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Wọ́n ti wó wọn tipẹ́. Búrẹ́dì àti sadíìnì ni mo ń jẹ. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti sadíìnì. Tó bá dọwọ́ alẹ́, sadíìnì àti búrẹ́dì. Nígbà tí ìyá àgbà yín dé láti ilé, tó rí agolo tó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ńṣe ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Ṣé èèyàn ni mo fẹ́ ni, àbí ológbò?" Látọjọ́ náà, mi ò tún mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara mi. Ẹnjiníà sì ni mí o! Ẹ gbé mi síwájú afárá, màá sọ ìdí tí kò fi wó. Ṣùgbọ́n ẹyin díndín? Háà.

Ẹ wá gbọ́.

Bàbá yín, Káyọ̀dé, ló mú ìyá yín wálé. Salford Quays ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ìyá yín sì ń kàwé ní yunifásítì. Káyọ̀dé ní, "Dádì, Malia nìyí. Hàwáì ló ti wá." Mo ní Hàwáì? Mo lọ wá a nínú máàpù. Omi ni mo rí. Omi, omi, omi… ìgbà tó yá mo wá rí àwọn àmì tín-tìn-tín láàárín agbami, bí ibi tí eṣinṣin bà sí. Mo ní, "Ṣé èèyàn ń gbé ibí yìí?" Ṣùgbọ́n ọmọ náà tẹríba kí wa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi lọ́wọ́ ìyá àgbà yín. Ìyá àgbà yín wò mí, èmi náà wò ó. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí o. Ìyá tó bí Malia ti kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá àgbà yìí ni gbogbo wọn ń pè ní Tútù. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Tútù wá ránṣẹ́ pé òun ò tíì gbọ́ ìgbéyàwó kankan sétí. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí ilé tí ọmọ òun fẹ́ wọ̀. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun àti ọmọ òun ni yóò jọ wọkọ̀ òfuurufú padà.

Oṣù wo ló sì yàn láti wá? Oṣù Ṣẹẹrẹ! Ẹni tó ti ibi tí oòrùn kì í wọlé lọ sùn wá! Ní pápákọ̀ òfuurufú, Káyọ̀dé sáré lọ dì mọ́ ọn, ó ń kígbe, "Tútù! Tútù!" Ìyá àgbà yín rò pé ọwọ́ obìnrin náà ni ọmọ fọwọ́ kàn. Ó ní, "Ó máa tutù kẹ̀! Ẹ wá ibọ̀wọ́ fún un kíá!"

Ọ̀dọ̀ wa ló dé sí, nítorí hostel ni ìyá yín ń gbé. Obìnrin kúkúrú ni, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ sì le bí ojú tíṣà ìgbà tiwa. Ó wọ kóòtù nínú ilé. Ó fi duvet lé kóòtù. Ó jókòó sórí àga, ó ń wò wá. Tí a bá kí i, á ní "Thank you." Tí a bá bi í bóyá ó sùn dáadáa, "Thank you." Olúwa ló mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Ìyá àgbà yín gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù síwájú rẹ̀. Ṣíbí kan péré, omi bọ́ lójú, omi bọ́ nímú, ó ń nawọ́ wá ife. Ìyá àgbà yín ní, "Ata tí mo fi sí i ò tó nǹkan!" Ata tí ò tó nǹkan! Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí, mo ṣì máa ń làágùn. Lọ́jọ́ kejì, mọ́ínmọ́ín. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà. A fún un ní iyán, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rántí nǹkan, ó tún gbójú rẹ̀ le. Tíì àti bísíkíìtì ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Ìyá yín á wá láti iléèwé, á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa bẹ̀ ẹ́. Á ní ebi ò pa òun. Bí ọmọ náà bá jáde, mo máa ń rí i tó ń nu ojú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan. Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà yín ti lọ sí shift rẹ̀ ní hospital ní Bolton láti ìdájí. Káyọ̀dé wà níbi iṣẹ́. Tram ò rìn dáadáa, bọ́ọ̀sì ò rìn rárá. Ó wá ku èmi àti Tútù nínú ilé. Àwa méjì. Ẹ rò ó wò.

Mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "I no can eat nothing here. Da old man, he no can make even tea. Saturday I take da girl, we go home."

Ẹnu yà mí. Ẹ rò pé nítorí pé ó bú mi? Rárá o, òótọ́ ló sọ. Èdè tó ń sọ ló yà mí lẹ́nu! Èyí tó ń sọ fún wa látẹ̀yìnwá, Gẹ̀ẹ́sì olóyìnbó ni, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Èyí ńkọ́? Mo ní, Pidgin kọ́ nìyí? Àṣé àwọn náà ní tiwọn! Kò rí bíi tiwa gan-an, àmọ́ ẹ ó mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ni mo bá kanlẹ̀kùn. Mo wọlé. Mo ní, "Mama, abeg, wetin you wan chop?"

Ó wò mí. Mo ní, "Chop. For belle." Mo fi ọwọ́ júwe ẹnu, mo fi júwe ikùn.

Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "You asking what I like grind?"

Mo ní, grind kẹ̀? Ṣé ata ni a fẹ́ lọ̀ ni? Àṣé bí wọ́n ṣe ń pe jíjẹun nìyẹn. Ó wojú fèrèsé, yìnyín ń bọ́ lọ́hùn-ún. Ó wá rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ó ń dárúkọ èèyàn: "Loco moco."

Ohun tí etí mi gbọ́ ni "Ló kọ̀, mo kọ̀." Mo ní, "Mama, who refuse? Me I no refuse anything o!" Ó mí kanlẹ̀, ó fi duvet borí, ó kọjú sí ògiri.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo pe ìyá yín lórí fóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló ń jẹ́ lókò mókò?" Ó ní, "Dádì, ta ló sọ ọ́ fún yín?" Mo sọ fún un. Ó ní oúnjẹ tí Tútù máa ń sè fún òun nìyẹn tí inú òun bá bàjẹ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá òun, oúnjẹ náà ni Tútù sè, òun kékeré sì jẹ ẹ́ títí òun fi sùn lọ nídìí tábìlì. Ó ní òun ì bá wá sè é nísinsìnyí, ọ̀nà ni kò sí. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Dádì. Ẹ̀yin ò lè sè é."

Háà! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ìjẹ̀bú? Mo ní, "Sọ ọ́ fún mi ní ẹsẹẹsẹ. Ẹnjiníà ni mí." Ó ní ìrẹsì funfun ló wà nísàlẹ̀. Ẹran màlúù lílọ̀, tí a ṣù pẹlẹbẹ tí a dín, ló wà lórí ìrẹsì. Ọbẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ki, greví, ni a ó dà lé ẹran lórí. Ẹyin díndín wá ni òrùlé gbogbo rẹ̀, àmọ́ pupa inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ le. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ilé alájà mẹ́rin lásán! Mo wọ ilé ìdáná, mo ká apá ẹ̀wù.

Ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ gbé kaná. Mo wò ó nínú ìkòkò, ó kéré lójú mi. Mo fi kún un. Mo tún wò ó, mo tún fi kún un. Ta ló sọ fún mi pé ìrẹsì máa ń wú? Kò pẹ́, ó gbé ọmọrí ìkòkò dìde bí ẹni tó fẹ́ kí mi. Mo bù ú sínú ìkòkò mìíràn, ó tún kún. Mo bù ú sí abọ́, mo bù ú sí ìgò ẹ̀rọ ìlọta ìyá àgbà yín. Ìrẹsì ń lé mi kiri!

Ẹran ńkọ́? Inú freezer ló wà, ó dì bí òkúta. Mo lọ gbé òòlù wá nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹ yé rẹ́rìn-ín! Mo fi òòlù fọ́ ẹran. Èyí tó tú ká sílẹ̀, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́. Mo gé àlùbọ́sà sí i, mo ṣù ú. Ọ̀kan rí bí ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀kan rí bí bàtà. Mo da òróró sínú páànù, mo yí iná sí ibi tó ga jù, torí mo rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ á ṣe yá tó. Èéfín bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Alárọ́ọ̀mù tó wà ní àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pí! pí! pí! Mo fi igi ìgbálẹ̀ gbá a, ó ń ké. Mo tún gbá a, ó já, ó ń rọ̀ dirodiro, ó ṣì ń ké. Mo ṣí fèrèsé, yìnyín fẹ́ wọlé.

Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Tútù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Duvet lọ́rùn, bàtà lẹ́sẹ̀, ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì. Ó ti múra sísá! Mo ní, "No wahala, Mama! Go siddon! Food dey come!" Kò jókòó. Ó gbé ojú wo àjà. Ó wo ìrẹsì tó wà káàkiri. Ó wo òòlù. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù.

Ó wá ku greví. Malia ní cornflour ni yóò jẹ́ kó ki. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá àgbà yín. Ẹ̀yin ọmọ, kìkì ìyẹ̀fun funfun! Inú ike lóríṣiríṣi, kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Mo ń tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí láfún, èyí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, èyí… mi ò mọ̀ títí dòní. Mo wá tọ́ ọ̀kan wò, ó kan díẹ̀. Mo ní ògì nìyí. Mo rò ó: àgbàdo ni cornflour, àgbàdo ni ògì. Kí ni ìyàtọ̀? Mo pò ó mọ́ omi, mo dà á sínú páànù lórí àlùbọ́sà àti ọ̀rá ẹran. Ó kọ́kọ́ ní kókó nínú. Mo gbá orógùn mú, mo rò ó, mo rò ó, apá fẹ́ yọ. Ó dán. Ó ki. Ó ń ṣe pọ̀-pọ̀-pọ̀. Mo fẹ́ kígbe ayọ̀.

Ẹyin ló kù. Àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Èkejì fọ́ sínú àpò kádígàn mi, ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú bí èédú. Mo tún mú òmíràn. Ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Low da fire." Mo rẹ iná sílẹ̀. Ẹyin náà tàn kálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pupa rẹ̀ jókòó láàárín bí ọba.

Mo tò ó sínú abọ́ bí ọmọ ṣe sọ. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo dúró, mo káwọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo ń gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ, àyà mi ò já tó bẹ́ẹ̀. Ó fi fọ́ọ̀kì gún ẹyin, pupa rẹ̀ ṣàn sórí ẹran. Ó bù ú. Ó jẹ ẹ́. Ó di ojú. Ó ní, "Ono."

Oh no? Ó tún jẹ ẹ́. Ó ní, "Ono! Ono!" Mo ní mo gbé! Ó ti bàjẹ́! Mo nawọ́ gbá abọ́ mú, mo ní, "Sorry, Mama, make I throway am!" Ó di etí kejì abọ́ náà mú. Mo fà, ó fà. Obìnrin tí kò jẹun láti ọjọ́ yìí, ibo ló ti rí agbára yẹn? Mo ní, "Leave am, Mama!" Ó ní, "Ono! ONO!" Ó gbá mi lọ́wọ́, pọ̀ọ́! Bí ìyá mi ṣe máa ń gbá mi gan-an. Mo fi abọ́ sílẹ̀. Ó wò mí, ojú mi ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó wá yé e. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí duvet fi já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ono mean good! Good, you silly man!"

Àṣé ó dùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Mo jókòó pọ̀ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí pé kí ló kan nínú ọbẹ̀ yìí? Mo gbé ike ògì wá. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní àwọn náà máa ń gún kókò nílé, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan, bó ṣe máa ń rùn nìyí. Ó ní lọ́jọ́ tí a fún òun ní iyán, òun fẹ́ sọ pé ó jọ kókò gígún tiwọn, àmọ́ inú ń bí òun nígbà yẹn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń jẹun lọ.

Ó wá sọ̀rọ̀ fún mi, ní Pidgin tirẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yéke. Ó ní ìyá Malia, ọmọ tí òun bí, ìlú tó jìnnà ló lọ ṣiṣẹ́. Àìsàn dé sí i níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó gbé omi gbígbóná fún un. Ìgbà tí òun fi gbọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́. Ó ní, "Mi ò wá wo ọmọkùnrin yín. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tí mo wá wò ni pé, lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi ò bá yá ní ìlú òtútù yìí, ta ni yóò bi í pé kí lo fẹ́ jẹ?" Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, gbogbo wa ń gbé ohun tí àwa fẹ́ràn síwájú òun. Kò sẹ́ni tó bi òun ní ohun tí òun fẹ́.

Mo bu ìrẹsì kún abọ́ rẹ̀. Ìrẹsì kúkú wà.

Nígbà tí ìyá àgbà yín ti Bolton dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Alárọ́ọ̀mù ń rọ̀ dirodiro, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ìrẹsì wà nínú gbogbo ohun tó ní ihò. Ó ké, "Olè! Bàbá Káyọ̀dé, olè ti jà wá!" Ó wá rí èmi àti Tútù lórí àga, a pín duvet kan náà bo ẹsẹ̀, a ń jẹ abọ́ kejì. Tútù na fọ́ọ̀kì sí i. Ìyá àgbà yín tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ burú. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, àṣé ẹ lè se oúnjẹ?"

Mo ní, "Rárá o, òní nìkan…"

Ó ní, "Ọjọ́ Sátidé, mo wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa sè é."

Bó ṣe di tèmi nìyẹn. Bó ṣe wà títí dòní! Tútù ò lọ ní Sátidé yẹn. Ó dúró di ìgbà ẹ̀rùn, ó jó níbi ìgbéyàwó, ó padà sílé. Tó bá sì di ọjọ́ Àìkú, á pè mí lórí fídíò. Kò ní kí mi. "Show me da pot," ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀.

Ọdún tó kọjá, ẹ̀yin náà rántí, wọ́n pè wá láti ọ̀hún pé ó ti sùn, kò jí mọ́. Ìyá yín jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Gbogbo yín ń rọ̀ ọ́, "Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́, Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́." Èmi lọ dáná, mo se lókò mókò. Mo gbé e fún un níbi tó jókòó sí, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Hmm… Ayé ìsinsìnyí, ẹ ó fi ìka tẹ fóònù, ẹnì kan á gun kẹ̀kẹ́ wá, á gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, á lọ. Kò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bóyá ara yín yá, bóyá ẹ ń ṣọ̀fọ̀, kò kàn án. Mi ò bú u, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò bá jẹun nílé yín, ẹ má sọ pé ó ń ṣe fùkẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ìyá rẹ̀ ń sè fún un. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n sè, ẹ sè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kú nítorí ẹyin tó jóná. Àìbéèrè ló ń pa èèyàn.